Ìgbà Tí A Ń Ra Gìtá ní Gbàǹjo

Ní Ìbàdàn tí mo gbé dàgbà, láàárín ọdún 1970 sí 1980, orin gìtá kún ìlú, ṣùgbọ́n àwọn tó ní gìtá kò pọ̀. Kò sí Sátidé tí wọn kì í dí òpópónà kan tàbí òmíràn nítorí ìnáwó. Ẹgbẹ́ jùjú yóò to ẹ̀rọ gbohùngbohùn sábẹ́ àtíbàbà, wọn yóò sì ṣeré títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń ta gìtá níbẹ̀ ni kò ní gìtá tiwọn. Ọ̀gá ẹgbẹ́ ló ni irinṣẹ́. Òun ló ra gìtá, òun ló ra ẹ̀rọ, òun ló ni ọkọ̀ tó ń kó wọn kiri. Bí ọmọ ẹgbẹ́ kan bá bínú kúrò, ìka ọwọ́ rẹ̀ nìkan ni yóò mú lọ.

Ní ti ẹni tí kò sí lábẹ́ ọ̀gá kankan, tí kò fẹ́ fi orin jẹun, àmọ́ tí ohùn okùn gìtá kò jẹ́ kó sinmi, gbàǹjo ló kù fún un. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni mo jẹ́. Mo fẹ́ sọ bí a ṣe ń rí gìtá rà nígbà yẹn, àti bí ẹni tó rà á ṣe ń di ẹni tó lè gbé e dúró níwájú èrò. Ọ̀rọ̀ méjèèjì sún mọ́ra ju bí a ti lè rò lọ, nítorí ènìyàn ló wà nídìí méjèèjì: ẹni tó tà á fún ọ, ẹni tó bá ọ tún un ṣe, ẹni tó ní kí o wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun.

Ilé ni mo ti bá orin náà. Bàbá mi ní ẹ̀rọ àwo orin kan, ó sì fẹ́ràn àwọn àgbà jùjú. Ẹnu rẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ pé bánjò ni Túndé King ń ta ní Èkó láyé ọdún 1930 sí 1939, àti pé Àyìndé Bákàrè ló gbé gìtá oníná wọ inú jùjú ní nǹkan bí ọdún 1949. Kí gìtá tó di oníná, ìlù kò gbọdọ̀ pọ̀ jù, kó má baà bo okùn mọ́lẹ̀. Nígbà tí ohùn okùn wá lágbára, àwọn onílù ráyè pọ̀ sí i, gángan sì ráyè sọ̀rọ̀. I.K. Dáíró mú àkọ́díọ̀nù kún un, ó sì gba oyè MBE lọ́wọ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní 1963. Ìgbà tí èmi gbọ́njú, Ebenezer Obey àti Sunny Adé ni ìlú ń tìtorí wọn jiyàn. Gìtá kan kò tó wọn mọ́. Gìtá líìdì á máa sọ̀rọ̀, rídíìmù á máa dá a lóhùn, tẹ́nọ̀ á máa tún gbólóhùn kékeré kan sọ láìdákẹ́, béèsì á wà nísàlẹ̀ gbogbo wọn. Mo máa ń jókòó ti ẹ̀rọ náà, màá fi etí mú ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn, màá sì tẹ̀ lé e láti ìbẹ̀rẹ̀ àwo dé òpin.

Owó Udoji ló ṣílẹ̀kùn fún mi. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1975, ìjọba Gowon fi kún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, wọ́n sì san ti àwọn oṣù tó ti kọjá pọ̀ mọ́ ọn lẹ́ẹ̀kan náà. Owó oṣù òṣìṣẹ́ tó kéré jù lọ di náírà 60. Àwọn kan ra kẹ̀kẹ́, àwọn mìíràn ra rédíò tàbí ẹ̀rọ àwo orin. Àbúrò bàbá mi tó ń ṣiṣẹ́ ní Sẹkitéríàtì ní Àgodi ra alùpùpù. Ó wá bi mí ní ohun tí èmi náà fẹ́. Mo ní gìtá. Kò bú mi, kò sì ní kí n gbájú mọ́ ìwé mi. Ó ka náírà 20 sí mi lọ́wọ́, ó ní kí n lọ wá èyí tí owó náà bá lè rà.

Gìtá tuntun tó wà nínú àwọn ilé ìtajà ńlá ní Dùgbẹ̀ ju agbára owó yẹn lọ. Ṣùgbọ́n àwọn ọdún wọ̀nyẹn ni ọ̀pọ̀ òyìnbó ń palẹ̀ ẹrù mọ́. Òfin ọdún 1972 ti ní kí àwọn òwò kan di ti ọmọ Nàìjíríà nìkan, ti ọdún 1977 sì wá le jù ú lọ. Bí ẹbí kan bá fẹ́ padà sílé láti Jẹ́ríkò tàbí Ìyágankú, wọn á kó àga, ìkòkò, aṣọ fèrèsé àti ohun ìṣeré ọmọ sí ìta, ìròyìn á sì tàn kálẹ̀ pé gbàǹjo ń bẹ. Láàárín ẹrù bẹ́ẹ̀ ni gìtá ti máa ń yọjú, nígbà mìíràn pẹ̀lú eruku ọdún púpọ̀ lára.

Mi ò lọ láìkọ́gbọ́n. Bọ̀dá kan wà ládùúgbò wa ní Òkè-Àdó tó ń ta rídíìmù nínú ẹgbẹ́ kan. Òun ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń yẹ gìtá wò, ìmọ̀ náà kò sì tíì di àtijọ́ títí dòní. Ó ní kí n gbé e sókè sójú, kí n wo ọrùn rẹ̀ láti ìdí lọ sí orí. Bí ọrùn bá ti tẹ̀ tàbí tó lọ́, kí n má san kọ́bọ̀. Ó ní kí n ka irin ojú ọrùn dé orí ìkejìlá, kí n tẹ okùn mọ́lẹ̀ níbẹ̀ kí n ta á, kí n sì tún fi ìka kàn án fẹ́rẹ́ níbẹ̀ láìtẹ̀ ẹ́ kí n ta á. Ohùn méjèèjì gbọ́dọ̀ bára mu. Bí wọn kò bá bára mu, gìtá náà kò ní gbọ́ràn sí ẹnikẹ́ni bó ti wù kó mọ̀ ọ́n ta tó. Ó ní kí n fi ìka kan ikùn rẹ̀ yíká kí n gbọ́ bóyá igi ti là níbì kan, nítorí ọyẹ́ ilẹ̀ wa kì í ṣàánú igi òyìnbó. Kí n wo àlàfo tó wà láàárín okùn àti ọrùn, torí bí okùn bá ga jù, ìka ọmọdé á bó, á sì jù ú nù kó tó kọ́ nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ló wá sọ èyí tó ṣe pàtàkì jù: okùn tó já, kọ́kọ́rọ́ okùn tó tẹ̀, àwọ̀ tó ti ṣí, gbogbo ìyẹn ni a lè tún ṣe, ohun tí a sì lè tún ṣe ni a fi ń ná ọjà.

Ní gbàǹjo ẹbí òyìnbó kan ní Jẹ́ríkò, àgbàlagbà kan tó ń dáná fún wọn ni wọ́n fi síbi ọjà. Mo kúnlẹ̀ ti gìtá kan tí wọ́n ṣe ní Japan, tí orúkọ orí rẹ̀ ti parẹ́. Ọrùn rẹ̀ gún. Igi rẹ̀ kò là.

"Ẹ káàsán, Bàbá. Èló ni gìtá yìí?"

"Náírà márùndínlógójì."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé e wálẹ̀. Okùn rẹ̀ méjì ti já, kọ́kọ́rọ́ kan sì ti tẹ̀. Náírà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mo fẹ́ san."

"Ọmọ mi, kì í ṣe tèmi. Ọ̀gá ti sọ iye tó fẹ́."

Ó wò mí fún ìgbà díẹ̀. "Ṣé o mọ̀ ọ́n ta ni?"

"Mo fẹ́ kọ́ ọ ni, sà."

Ó gbé e fún mi, ó ní kí n ta okùn mẹ́rin tó kù kí òun gbọ́. Nígbà tí mo ṣe bẹ́ẹ̀, ó ní, "Mú ogún náírà wá. Màá bá ọ̀gá sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n má gbé e sí oòrùn o, má sì jẹ́ kí òjò pa á."

Mo ti ronú kan bàbá yẹn púpọ̀. Kò jèrè kankan nínú ọjà náà. Ó rí ọmọ tó fẹ́ nǹkan tọkàntọkàn, ó sì lo ìwọ̀nba àṣẹ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti jẹ́ kí nǹkan náà tó o lọ́wọ́. Láti ìgbà náà ni mo ti mọ̀ pé ẹni tó ń ta nǹkan fún olùkọ́ṣẹ́ wà lára àwọn tó ń kọ́ ọ.

Rírà nìkan kò tó, títọ́jú rẹ̀ ṣì wà níwájú. Okùn gìtá kò wọ́pọ̀, ó sì wọ́n. Bí okùn bá ti dọ̀tí tí ohùn rẹ̀ sì ti kú, a óò tú u, a óò sè é nínú omi tó ń hó, a óò nù ún gbẹ, yóò sì tún dún gaara fún ìgbà díẹ̀ sí i. Bí ó bá já, a máa ń tú wáyà bíréèkì kẹ̀kẹ́ ká, a óò yan fọ́nrán kan tó tẹ́ẹ́rẹ́ nínú rẹ̀, a óò fi í rọ́pò. Àfọ́kù kóòmù la fi ń ta okùn. Bí akọrin bá ní kí a gbé ohùn sókè, a óò fi pẹ́ńsù dábùú ọrùn, a óò sì fi rọ́bà dì í mọ́ ọn. Kò sí ẹ̀rọ tó ń sọ ohùn okùn fún wa nígbà náà. Dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì tàbí fèrè ẹlẹ́nu kan la fi ń mú ohùn okùn kan, etí la fi ń to márùn-ún tó kù tẹ̀ lé e. Ìyà díẹ̀ wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó fún wa ní etí tí kò ṣeé rà lọ́jà. Ọ̀pọ̀ nínú ìgboyà onígìtá wà nínú etí yẹn: ẹni tó lè gbọ́ pé okùn kan ti yẹ̀, tó sì lè dá a padà sípò láàárín ìlù, kò ní máa fòyà ohun tó lè ṣẹlẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi kan tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù fi ìwé Bert Weedon ránṣẹ́ sí mi, èyí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1957 tí àìmọye ọmọ Gẹ̀ẹ́sì fi kọ́ gìtá. Mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń to ìka nínú rẹ̀, mo sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ìwé náà kò lè kọ́ mi ní bí gìtá ṣe ń bá gángan sọ̀rọ̀. Ẹ̀kọ́ yẹn dúró dè mí ní Ògbómọ̀ṣọ́.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 1979, àwọn ìjọba tuntun gbé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ dé gbogbo ìpínlẹ̀ tí ẹgbẹ́ òṣèlú UPN ti wọlé. Ilé-ìwé ń pọ̀ sí i ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, wọ́n sì ń wá tíṣà lójú méjèèjì. Bí mo ṣe parí ẹ̀kọ́ olùkọ́ni ni wọ́n gbé mi lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ìlú yẹn mọ Gánà dáadáa. Àwọn ọmọ rẹ̀ ti ṣòwò ní Tàmálè, ní Kùmásì àti ní Àkrá láti ìgbà pípẹ́, títí di oṣù kọkànlá ọdún 1969 tí ìjọba Busia fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n jáde. Ọ̀pọ̀ ló padà wálé lọ́dún náà. Ìyá onílé mi wà lára wọn. Ó ṣì máa ń fi èdè Akan ka owó nígbà tí inú rẹ̀ bá dùn.

Nínú ọgbà kan náà ni káfíńtà kan tó jẹ́ ọmọ Gánà ń gbé. Bọ̀dá ni mo ń pè é, Tíṣà lòun ń pè mí. Ọrùn gìtá mi tó ti ń fẹ́ tẹ̀ ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó yọ gbogbo okùn, ó fi igi àti kílám̀pù dì í, ó fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, ó sì rẹ́ egungun tí okùn gbé orí lé nídìí díẹ̀díẹ̀ títí okùn fi sọ̀kalẹ̀. Nígbà tó to okùn padà, ó gbé gìtá náà sáyà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ta á. Ìka méjì péré ló ń lò: àtàǹpàkò ń rìn lórí okùn ńlá, ìka ìfábẹ̀lá ń dá a lóhùn lórí okùn kékeré. Ó dà bíi pé ènìyàn méjì ló ń tà á.

Ọ̀nà yẹn ti pẹ́ láyé. Àwọn atukọ̀ Kru láti Làìbéríà ló ń ta gìtá bẹ́ẹ̀ lórí ọkọ̀ ojú omi, wọ́n sì gbé e dé èbúté dé èbúté ní etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, títí kan Èkó. Ní 1928, ẹgbẹ́ Kumasi Trio lọ gba orin Yaa Amponsah sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, ìlànà gìtá inú orin náà sì di ìpìlẹ̀ fún ọ̀pọ̀ àwọn tó tẹ̀ lé wọn ní Gánà. Nígbà tí Bọ̀dá ta á fún mi, mo gbọ́ jùjú bàbá mi nínú rẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹbí kan náà ni.

Ìrọ̀lẹ́ ló ń kọ́ mi, lábẹ́ igi ọdán kan tí àwọn àgbẹ̀ ti ń mu ẹmu. Ọgbọ́n rẹ̀ pọ̀. Kò jẹ́ kí n jókòó, ó ní ẹni tó bá jókòó kọ́ gìtá á tún un kọ́ nígbà tó bá dìde. Ó ní kí n máa tà á nígbà tí àwọn ọmọdé bá ń pariwo, kí n sì máa dáhùn bí ẹnikẹ́ni bá kí mi. "Tíṣà, má dúró," ló máa ń sọ. Ohun yòówù kó ṣẹlẹ̀ sí ìka, kí ẹsẹ̀ máa ka ìwọ̀n lọ. Ìlù kì í dúró de ẹnikẹ́ni, ẹni tó bá sì ń bá ìlù lọ, kò sẹ́ni tó máa mọ ohun tó fò. Díẹ̀díẹ̀, ọwọ́ mi dẹ́kun wíwojú mi. Mo lè bá ènìyàn sọ̀rọ̀ kí gìtá sì máa lọ. Mi ò tíì gun pèpéle kankan nígbà náà, àmọ́ ìdajì iṣẹ́ ti parí.

Ẹgbẹ́ kékeré kan wà tí òun fúnra rẹ̀ ń bá ta líìdì lópin ọ̀sẹ̀. Tíṣà, télọ̀ àti awakọ̀ ló pọ̀ nínú rẹ̀. Ibi ìkómọ, ìṣílé àti ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ti ń ṣeré. Nígbà tí wọ́n ń wá ẹni tó máa ta tẹ́nọ̀, ó mú mi lọ. Olórí ẹgbẹ́ kọ gbólóhùn kúkúrú kan fún mi pẹ̀lú ẹnu, ó ní, "Tíṣà, tìrẹ nìyí. Má fi kún un, má yọ kúrò nínú rẹ̀. Bí mo bá kọrin fún wákàtí kan, òun náà ni."

Ẹni tí kò bá mọ jùjú lè rò pé wọ́n fi ojú kéré mi. Ọ̀wọ̀ ńlá ni wọ́n fún mi. Iṣẹ́ tí omele ń ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá ìlù ni tẹ́nọ̀ ń ṣe láàárín àwọn gìtá: ó ń sọ ohun kan náà kí àwọn tó kù lè ráyè sọ ohun tó yàtọ̀. Bó bá yẹ̀, líìdì kò ní mọ ibi tó máa bọ́ sí, ẹsẹ̀ oníjó á sì dàrú. Ohun kékeré ni, gbogbo ẹgbẹ́ ló sì nílò rẹ̀. Èmi kò mọ oògùn ìbẹ̀rù tó dára ju ìyẹn lọ.

Ojú èrò ń ba ènìyàn lẹ́rù lóòótọ́, ara ló sì kọ́kọ́ ń mọ̀ ọ́n. Àtẹ́lẹwọ́ á làágùn, ìka á tutù, ohun tí o mọ̀ bí ẹní mowó á fẹ́ sá lọ. Àwọn àgbà ẹgbẹ́ ní ọgbọ́n fún gbogbo rẹ̀. Wọ́n á ti to okùn wọn kí àlejò tó dé, níbi tí wọ́n ti lè gbọ́ ara wọn. Orin tí ìwọ̀n rẹ̀ rọlẹ̀ ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, kí ọwọ́ lè yá. Wọ́n á fi olùkọ́ṣẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ onílù, kó lè máa fi ara mọ ìlù kí etí rẹ̀ tó gbọ́ ọ. Wọ́n á sọ fún un pé bí ojú èrò bá wúwo jù, kó máa wo ẹsẹ̀ àwọn tó ń jó. Èyí ràn mí lọ́wọ́ gan-an, nítorí ẹsẹ̀ kì í dáni lẹ́jọ́. Ó ń sọ fún ọ bóyá iṣẹ́ rẹ ń lọ déédéé.

Ṣùgbọ́n ohun tó yọ ẹ̀rù náà tigbòǹgbò-tigbòǹgbò ni pé mo lóye ohun tí a wá ṣe níbẹ̀. Ní òde Yorùbá, olóde ni ojú ń wò. Gángan ń pe oríkì rẹ̀, olórí ẹgbẹ́ ń ka ìran rẹ̀, àwọn ẹbí ń lẹ owó mọ́ ọn níwájú bó ṣe ń jó bọ̀. Ìyá tó bí ọmọ tuntun fẹ́ jó. Ọmọ tó sin bàbá rẹ̀ fẹ́ kí gbogbo ayé mọ̀ pé bàbá òun kò kú lásán. A wà níbẹ̀ kí ìyẹn lè ṣeé ṣe. Nígbà tí mo mọ èyí, mi ò béèrè mọ́ bóyá wọ́n ń wò mí. Mo ń wo ìyá ọmọ, mo sì ń rí i pé gbólóhùn kékeré mi wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìgboyà tó wọlé sí mi lára lọ́jọ́ wọ̀nyẹn kò tíì jáde.

Nígbà tó yá, olórí ẹgbẹ́ á yíjú sí mi láàárín orin, á ní, "Tíṣà, dáhùn," èmi àti Bọ̀dá á sì jọ sọ̀rọ̀ lórí okùn fún ìgbà díẹ̀ kí n tó padà sí ààyè mi. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń tọ́ onígìtá. Àwọn ọ̀gá ńlá pàápàá gba ibẹ̀ kọjá. Ebenezer Obey ti ṣiṣẹ́ lábẹ́ Fàtáì Rolling Dollar kó tó dá International Brothers sílẹ̀ ní 1964. Sunny Adé wà nínú Federal Rhythm Dandies, ẹgbẹ́ Moses Ọláìyá tí a wá mọ̀ sí Bàbá Sàlà, kó tó ní ẹgbẹ́ tirẹ̀. Nígbà tí Sunny Adé gbé àwo Juju Music jáde ní 1982, tí gìtá Démọ́lá Adépọ̀jù tó ń yọ̀ bí omi sì gbalé gbòde, inú wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ dùn púpọ̀. Lójú wa, ọ̀kan lára wa ló kàn.

Ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1983, ìjọba Shagari kéde pé kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò ní Nàìjíríà. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fún ọ̀pọ̀ wọn. Bọ̀dá ń palẹ̀ mọ́ bí gbogbo àwọn ará rẹ̀. Ẹnu ibodè Gánà ṣì wà ní títì, àwọn èrò sì ń kún Sẹ̀mẹ̀. Ní gbogbo ibùdókọ̀, wọ́n ń ta ẹ̀rọ ìránṣọ, rédíò àti ayùn fún iye tó bá wu ẹni tó fẹ́ rà á, torí ẹni tó ń sá lọ kò lè dúró ná ọjà. Ó gbé gìtá rẹ̀ wá bá mi, Höfner ti ilẹ̀ Jámánì tó ti gbé wá láti Kùmásì.

"Tíṣà, ìwọ ni mo fẹ́ kó rà á."

"Èló lẹ fẹ́ gbà, Bọ̀dá?"

"Ọgọ́rin náírà."

Mo wọlé, mo kó ọgọ́rin náírà jáde, mo kà á sí i lọ́wọ́. Ó wò mí. "O ò ná an?"

"Bọ̀dá, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi ní ohun tó wà nínú rẹ̀."

Gìtá náà ju iye yẹn lọ, àwa méjèèjì sì mọ̀. Owó oṣù tó kéré jù lọ nígbà náà jẹ́ náírà 125, gìtá bẹ́ẹ̀ kò sì ṣeé fi owó oṣù méjì rà ní ilé ìtajà. Mo fi owó díẹ̀ tó kù lọ́wọ́ mi kún un fún owó ọkọ̀. Ìyá onílé wa di gàárì àti àkàrà fún un. Ó ní, "Ọ̀nà yẹn, mo ti rìn ín rí," ó sì ń sọ fún un bí wọ́n ṣe ṣe ní 1969, ibi tí wọ́n sùn, àwọn tó ṣàánú wọn lójú ọ̀nà. Èdè Akan ni wọ́n fi dágbére. Gbàǹjo kì í wáyé láìsí ẹni tó ń pàdánù nǹkan, ó sì yẹ kí ẹni tó ń rà mọ ìyẹn. Ibì kan wà tí ó yẹ kí a ti ná ọjà, ibì kan sì wà tí ó yẹ kí a ti san owó pérépéré.

Èmi ni mo bọ́ sí ipò líìdì lẹ́yìn tí ó lọ. Mi ò bẹ̀rù. Gbogbo ohun tí mo nílò ni ó ti fi sílẹ̀ fún mi.

Àkókò yẹn kò pẹ́ tó fi kọjá. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1986, ìjọba Babangida tú náírà sílẹ̀ lọ́jà. Dọ́là kan tí kò tó náírà kan ní 1985 ti tó nǹkan bíi náírà 4 ní 1987. Gìtá, okùn àti ẹ̀rọ gbohùngbohùn, òkè òkun ni gbogbo wọn ti ń wá, owó wọn sì gbéra. Ẹgbẹ́ kéékèèké bí tiwa túká ọ̀kọ̀ọ̀kan. Fújì ti Síkírù Àyìndé Barrister àti ti Kollington ń gba òde, kò sì nílò gìtá púpọ̀. Shina Peters gbé jùjú dìde pẹ̀lú àwo Ace ní 1989, orílẹ̀-èdè sì jó o, ṣùgbọ́n dùùrù oníná ti gba ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tí gìtá mẹ́ta ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ilé ìjọsìn ló wá di ilé ẹ̀kọ́ gìtá. Títí dòní, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó mọ okùn ta dáadáa ní ilẹ̀ wa, lẹ́yìn pẹpẹ ni wọ́n ti kọ́ ọ.

Lónìí, gìtá tí wọ́n ṣe ní Ṣáínà pọ̀ lọ́jà, ti tòkunbọ̀ náà wà, ọmọ tó bá sì ní fóònù lè rí ẹni tó máa kọ́ ọ ní ohunkóhun. Mo ń yọ̀ fún wọn. Ṣùgbọ́n mo ń pàdé àwọn ọ̀dọ́ tí ìka wọn yá ju tèmi lọ ní ọjọ́ orí wọn, tí wọ́n lè ta ohun tó le jù nínú yàrá, tí wọn kò sì lè dúró níwájú ogún ènìyàn. Kò sí ohun tó ṣe wọ́n. Ẹnikẹ́ni kò tíì fún wọn ní gbólóhùn kan kí ó sì sọ pé, "Tìrẹ nìyí, a nílò rẹ̀." Wọ́n ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń dá sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó kọ́ bí wọ́n ṣe ń bá ẹlòmíràn gbé orin ró, nítorí náà ni gbogbo ẹrù ìtàgé fi wà lórí wọn nìkan.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹgbẹ́, ẹ̀yin olórí akọrin ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀yin tíṣà orin, ẹ má jẹ́ kí ọmọ náà jókòó títí yóò fi mọ gbogbo rẹ̀. Ẹ fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ onílù, ẹ fún un ní ohun kékeré tí kò gbọdọ̀ yẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kó rí ẹsẹ̀ àwọn tó ń jó sí i. Bí gìtá kan bá sì wà nínú ilé yín tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn mọ́, ẹ wo ọrùn rẹ̀. Bí ó bá ṣì gún, ẹ to okùn sí i, kí ẹ tà á fún ọmọ àdúgbò tó ń fẹ́ ẹ, ní iye tí apá rẹ̀ ká.